Òróró ólífì tó korò, tó sì ń ta ní ọ̀fun: ṣé ó ti bàjẹ́ ni, àbí bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Tẹ̀mítáyọ̀, Òṣogbo

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ìbéèrè kan tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi máa ń ru, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn sí i. Ẹnì kan ní mọ́sálásí wọn wá sọ fún wọn pé kí wọ́n máa mu ìdajì ife òróró ólífì láràárọ̀, pé antioxidant inú rẹ̀ yóò fọ gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́, wọn ò sì ní nílò oògùn mọ́. Bàbá ní kí n lọ rà á wá. Mo dé ọjà, mo bá oríṣi mẹ́rin lórí pẹpẹ kan náà. Wọ́n kọ "extra virgin" sára ọ̀kan, "pure" sára èkejì, "light" sára ẹ̀kẹta, "pomace" sára èyí tó rọjú jù. Mo ra extra virgin tó wà nínú ìgò dúdú. Bàbá tọ́ ọ wò, ojú wọn dijú, wọ́n wúkọ́, wọ́n ní ó ti bàjẹ́, kí n dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ló ti bàjẹ́? Kí sì ni antioxidant tí gbogbo èèyàn ń pariwo rẹ̀ yìí ń ṣe gan-an nínú ara?

Adéwálé, Jaén (Sípéènì)

Ẹ má dá a padà o! Ìgò yẹn gan-an ni kí bàbá máa lò. Jaén ni mo ń gbé, ní gúúsù Sípéènì. Kò sí agbègbè tí òróró ólífì ti ń jáde tó ibí ní gbogbo àgbáyé, iṣẹ́ ìkórè rẹ̀ ni mo sì ń ṣe nígbà òtútù. Òróró tuntun máa ń korò lórí ahọ́n, bí a bá gbé e mì tán, ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó wá ta ní ọ̀fun. Àwọn tó fi ìtọ́wò òróró ṣe iṣẹ́ máa ń fún ìkorò àti títa yẹn ní máàkì, wọn kì í kà á sí àbùkù rárá. Èyí tí kò korò, tí kò ta, tó kàn ń yọ̀ lẹ́nu lásán, òun ni kí ẹ fura sí.

Ohun tó ń ta yẹn ní orúkọ: oleocanthal. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Gary Beauchamp, ti ilé ìwádìí Monell ní Philadelphia, tọ́ òróró tuntun wò ní Sicily, ó sì ṣàkíyèsí pé bó ṣe ta òun ní ọ̀fun kò yàtọ̀ sí bí ibuprofen olómi ṣe máa ń ta. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2005. Wọ́n rí i pé àwọn enzyme (èròjà tó ń mú iṣẹ́ yá nínú ara) tí ibuprofen, oògùn ìrora, máa ń dí lọ́wọ́, àwọn tó ń fa ìrora àti ara wíwú, ni oleocanthal náà ń dí lọ́wọ́. Ìyẹn ò wá sọ pé ṣíbí òróró kan tó oògùn kan o, ó kéré sí i gan-an. Àmọ́ ẹ sọ fún bàbá pé ohun tó mú wọn wúkọ́ yẹn ni èrè owó tí ẹ san.

Ìyá Báyọ̀, London

Tẹ̀mítáyọ̀ ọmọ mi, nọ́ọ̀sì ni mí, ọ̀rọ̀ oògùn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Mo bẹ̀ ẹ́, má jẹ́ kí bàbá dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dúró nítorí òróró kankan. Ẹni tó bá dá a dúró lójijì lè má mọ nǹkan kan lára lónìí, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa ga lábẹ́lẹ̀ títí yóò fi di rọpárọsẹ̀. Mo ti bá irú wọn pàdé ní wọ́ọ̀dù, kò dára rárá. Oúnjẹ ni òróró ólífì, ẹ̀gbẹ́ oògùn ni kó wà. Kò lè gba ipò rẹ̀.

Ìdajì ife náà ti pọ̀ jù. Ṣíbí ìjẹun kan ní nǹkan bí 120 kálórì, ìdajì ife yóò sì lé ní 900. Bí bàbá bá ń mu ìyẹn láràárọ̀ lórí oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀, wọ́n á sanra, ẹ̀jẹ̀ yóò sì tún ga sí i.

Ní ti antioxidant, bó ṣe rí nìyí. Ọ̀rá wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, lára rẹ̀ sì ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní LDL. Àwọn èròjà kan máa ń ṣẹ̀dá ara wọn nínú ara, láti inú mímí wa, láti inú èéfín sìgá, láti inú àìsàn, tí wọ́n sì máa ń ba ohunkóhun tí wọ́n bá fara kàn jẹ́. Bí wọ́n bá ba LDL jẹ́, ara iṣan ni yóò lọ lẹ̀ mọ́, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í há díẹ̀díẹ̀. Polyphenol, ìyẹn antioxidant inú òróró ólífì, tí oleocanthal tí Adéwálé dárúkọ wà lára wọn, ló ń bọ́ síwájú tó ń gba ìkọlù yẹn kí ọ̀rá má baà bàjẹ́. Ìyẹn ni iṣẹ́ rẹ̀. Fífọ iṣan tó ti dí mọ́, bí ẹni yẹn ṣe wí, kò sí níbẹ̀.

Ìwọ̀n sì wà fún un. Òfin Yúróòpù ti 2012, nọ́ńbà 432, gba olóròóró láyè láti kọ ọ́ sára ìgò pé polyphenol rẹ̀ ń dáàbò bo ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, bí 20 gíráàmù òróró náà bá ní ó kéré tán mílígíráàmù 5 hydroxytyrosol (ọ̀kan lára àwọn polyphenol náà) àti àwọn ìbátan rẹ̀. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé 20 gíráàmù lójúmọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ṣíbí ìjẹun kan ààbọ̀ nìyẹn. Ṣíbí, kì í ṣe ife.

Oníkẹ́míìsì, Ìbàdàn

Mọ̀mí ti sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ jẹ́ kí n mú àwọn orúkọ mẹ́rin tí Tẹ̀mítáyọ̀ rí lórí pẹpẹ, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí ní ṣọ́ọ̀bù.

Extra virgin ni èyí tí wọ́n fún láti ara èso láìlo kẹ́míkà, tí acid rẹ̀ kò ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tí àwọn atọ́wò kò sì rí àbùkù kankan lára rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, virgin lásán, lè ní acid tó 2. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ kò ṣeé jẹ bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń gbé e lọ láti fọ̀ ọ́, kí òórùn àti ìtọ́wò burúkú rẹ̀ lè kúrò. Òróró tí wọ́n fọ̀ yìí, tí wọ́n wá bu virgin díẹ̀ sí kó lè ní adùn, ni wọ́n ń tà fún yín ní "pure". "Light" náà, fífọ̀ ni. Adùn àti àwọ̀ rẹ̀ ló fúyẹ́, kálórì rẹ̀ kò dín ẹyọ kan. "Pomace" ni èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà yọ láti inú ṣàkìtì èso tó kù lẹ́yìn tí wọ́n ti fún òróró gidi tán, tí wọ́n tún wá fọ̀.

Gbogbo wọn ló ṣeé fi dín nǹkan, kò sí èyí tó jẹ́ májèlé nínú wọn. Àmọ́ ẹ wo ewúro tí wọ́n fọ̀ ní omi méje títí tí kò fi korò mọ́: ewé náà ṣì wà, oje rẹ̀ ti bá omi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni òróró tí wọ́n fọ̀ rí. Ọ̀rá dáadáa tó ń jẹ́ oleic acid ṣì wà níbẹ̀, èyí tó ń gba ju ìdajì òróró ólífì lọ, ṣùgbọ́n polyphenol ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Bí ó bá jẹ́ torí antioxidant lẹ fi ń rà á, ẹ má fi owó yín ra pure tàbí light.

Alùfáà, Ìlọrin

As-salaamu alaykum. Ẹ ṣé, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi náà ti gbọ́ irú wàásù tí bàbá Tẹ̀mítáyọ̀ gbọ́, inú mi kì í sì í dùn sí bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀. Al-Ƙur'ān pe igi zaitun, ìyẹn igi ólífì, ní igi ìbùkún, nínú Sūrah An-Nūr, āyah 35. Hadith sì wà pé kí a jẹ ẹ́, kí a sì fi pa ara. Jíjẹ ni wọ́n wí, kò sí ibi tí wọ́n ti ní ká da oògùn dókítà nù. Ẹ bá mi sọ ìyẹn fún bàbá.

Ìbéèrè tèmi: ìgò kékeré tí a máa ń fi pa ara ọmọ, tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà máa ń rà fún àdúrà, ṣé ó ṣeé mu?

Oníkẹ́míìsì, Ìbàdàn

Wa alaykumu s-salaam, Alùfáà. Ẹ ka ara ìgò náà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé fún jíjẹ ni, tí orúkọ irú òróró náà, orílẹ̀-èdè tó ti wá àti ọjọ́ tí yóò parí wà níbẹ̀, kò séwu. Bí ó bá jẹ́ "anointing oil" lásán ni wọ́n kọ, ẹ má fi sẹ́nu, torí òróró mìíràn tí wọ́n fi lọ́fínńdà sí lè wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ B.P. sí, tiwa ní kẹ́míìsì nìyẹn, ara àti etí ni wọ́n sábà máa ń lò ó fún, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti fọ̀.

Ìyá Báyọ̀, London

Ẹ ṣọ́ra nípa ti ara ọmọ jòjòló náà o. Yunifásítì Sheffield níbí dán an wò lára àgbàlagbà ní 2013, wọ́n rí i pé òróró ólífì ń dín agbára awọ òde ara kù, ó sì ń jẹ́ kí ara pọ́n. Awọ ọmọ tuntun tún gẹgẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Elépo, Òkìtìpupa

Ẹ máa wo ọ̀rọ̀ o. Ṣé torí pé ó ti Sípéènì wá ló fi wá dára ju epo wa lọ? Epo pupa ni àwọn baba wa jẹ tí wọ́n fi dàgbà dàgbà, antioxidant náà sì wà nínú rẹ̀, ojú yín kúkú rí i bó ṣe pupa. Owó ìgò òróró ólífì kan á ra epo tí ilé kan yóò fi jẹun pẹ́.

Ìyá Báyọ̀, London

Ìyá wa, òótọ́ lẹ sọ, ẹnikẹ́ni ò lè jà yín níyàn lórí ìyẹn. Pípupa epo wá láti ara carotene, ara wa sì ń sọ ọ́ di fítámì A. Vitamin E náà wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun méjì kún un. Àkọ́kọ́, nǹkan bí ìdajì epo pupa ni ọ̀rá dídì, irú èyí tó ń gbé LDL sókè, nígbà tí ti òróró ólífì kò ju nǹkan bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru, ìyàtọ̀ yẹn tóbi. Èkejì, epo tí a bá gbé kaná títí tó fi di funfun, carotene rẹ̀ ti jóná. Èyí tó pupa, tí iná ò pọ̀ lórí rẹ̀, ni ó ní oore tí ẹ ń wí. Mo máa ń fi epo se ẹ̀fọ́ níhìn-ín o, n kò ní kí bàbá sá fún un. Kí ó dín kù ni mo ń wí.

Ìwádìí tó gbajúmọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, PREDIMED, Sípéènì ni wọ́n ti ṣe é. Èèyàn 7,447 ni wọ́n kó jọ, àwọn tó ti lé ní ọmọ ọdún 55, tí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru àti irú wọn ti fi sínú ewu, àmọ́ tí àrùn ọkàn kò tíì mú. Wọ́n ń fún ìdílé àwọn kan ní extra virgin lítà kan lọ́sẹ̀, wọ́n ń fún àwọn mìíràn ní ẹ̀pà òyìnbó oríṣiríṣi, wọ́n sì ní kí ìpín kẹta dín ọ̀rá kù. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ láàárín àwọn olóròóró fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ìpín kẹta, ti rọpárọsẹ̀ ló sì hàn jù. Ní 2013 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní 2018 wọ́n fa ìwé náà sẹ́yìn torí pé ní àwọn ibì kan wọn ò pín àwọn èèyàn náà bó ṣe yẹ, wọ́n tún un ṣírò, wọ́n sì tún un tẹ̀. Èsì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja àti èso ni àwọn èèyàn yẹn ń da òróró náà sí. Kò sí ẹni tó ń dá a mu nínú ife.

Fúnmiláyọ̀, Houston

FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà níbí, náà sọ ohun tó jọ ọ́ ní 2018: ṣíbí kan ààbọ̀ òróró tí oleic acid pọ̀ nínú rẹ̀ lè dín ewu àrùn ọkàn kù, bí a bá fi rọ́pò ọ̀rá dídì tí a kò sì fi kún kálórì ọjọ́ náà. Wọ́n ní ẹ̀rí tó wà gbè é lẹ́yìn ṣùgbọ́n kò tíì parí.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni jìbìtì. Ní 2010, Yunifásítì California ní Davis yẹ àwọn òróró tí wọ́n ń tà ní ìpínlẹ̀ náà wò. 69 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn èyí tó ti òkè òkun wá, tí wọ́n kọ extra virgin sí, ni kò yege ìtọ́wò. Wọ́n ní pípẹ́, ooru, ìmọ́lẹ̀, èso tí kò dára tàbí àdàlù òróró tó rọjú ló lè fà á. Ẹnì kan sọ fún mi pé kí n gbé e sínú fíríìjì, pé bí ó bá dì, ojúlówó ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Adéwálé, Jaén (Sípéènì)

Rárá, ẹ̀gbọ́n Fúnmiláyọ̀. Ojúlówó mìíràn kì í dì, àdàlù mìíràn á sì dì. Ọ̀rá inú èso kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu ìyẹn. Àwọ̀ náà kò sọ nǹkan kan fúnni: ife aláwọ̀ búlúù ni àwọn atọ́wò ń lò kí wọ́n má baà rí àwọ̀ òróró rárá. Ẹ sì mú ọ̀rọ̀ jìbìtì ní pàtàkì o. Ní Sípéènì níbí, ní 1981, àwọn oníwàkiwà ta òróró rapeseed tí wọ́n ti fi kẹ́míkà aniline sí fún iṣẹ́ ilé iṣẹ́ fún aráàlú bí òróró ólífì. Nǹkan bí 20,000 èèyàn ló ṣàìsàn, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ló kú. Ẹ má ra òróró tí wọ́n tún rọ sínú ike tí kò ní orúkọ lára, bó ti wù kó rọjú tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é, ẹ̀yin náà á rí ohun tó yẹ kí ẹ máa wò lára ìgò. Láti ìparí oṣù Kẹwàá, nígbà tí èso ṣì le, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò ní ewé tó ń bọ̀ sí elésè àlùkò, a máa ń tẹ́ àwọ̀n ńlá sábẹ́ igi. Ẹ̀rọ á di ìdí igi mú, á gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, àwa á máa fi ọ̀pá gígùn na ẹ̀ka, èso á sì máa rọ́ sílẹ̀ sórí àwọ̀n. Èyí tó ti jábọ́ fúnra rẹ̀ kí a tó dé, ọ̀tọ̀ la máa ń kó o, torí ó ti ń bàjẹ́. Ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ̀ ń gbé èso lọ síbi ìlọ̀. Bí ó bá sùn ní òkìtì, á gbóná, acid á gòkè. Wọ́n á lọ̀ ọ́ tòun ti kóró, wọ́n á máa rò ó jẹ́jẹ́, ooru rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dé 27°C kí wọ́n tó lè kọ "cold extraction" sára ìgò. Ẹ̀rọ mìíràn tó ń yí kíákíá á wá ya òróró kúrò lára omi. Nígbà tó bá ń ṣàn jáde, òórùn ewé tútù á gba gbogbo ilé náà kan.

Nǹkan bí kílò 5 èso ló ń di lítà kan. Èso tí a tètè ká kì í ní òróró púpọ̀, nítorí náà ó máa ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun náà ló sì ní polyphenol jù. Ohun tó jẹ́ kó wọ́n nìyẹn, yàtọ̀ sí ọ̀dá tó bá wa jà ní 2022 àti 2023 tí owó òróró fi fò sókè káàkiri ayé.

Nítorí náà, ohun tí èmi kọ́kọ́ máa ń wá lára ìgò ni ọjọ́ ìkórè. Ọjọ́ tí yóò parí kò tó, torí láti ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò ni wọ́n ti ń ka ìyẹn, òróró sì lè ti pẹ́ nínú táńkì. Kí ìkórè má ju ọdún kan àti díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ìgò dúdú tàbí agolo, torí ìmọ́lẹ̀ ń pa polyphenol. Ìgò tí ojú ń rí inú rẹ̀, tí olùtajà tò síta nínú oòrùn, ẹ fi sílẹ̀ fún un kódà bí ó bá jẹ́ extra virgin. Ibi tó ti wá náà ṣe pàtàkì. Èyí tó dárúkọ orílẹ̀-èdè kan, tàbí tó ní èdìdì DOP, tó ń jẹ́rìí sí agbègbè tí òróró ti wá, bíi ti Sierra Mágina níbí, sàn ju èyí tí wọ́n kọ ọ́ pé àdàpọ̀ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ni. Bí wọ́n bá kọ irú èso, Picual wa, Coratina ti Ítálì, Koroneiki ti Gíríìsì àti Chétoui ti Tùnísíà máa ń ta dáadáa. Arbequina rọ̀ lẹ́nu, polyphenol rẹ̀ kì í sábà pọ̀. Ẹ má sì gbàgbé Tùnísíà àti Mòrókò. Ilẹ̀ Áfíríkà náà ń ṣe òróró tó dáńgájíá, ó sì lè rọjú ju ti Yúróòpù lọ.

Bí ẹ bá délé, ẹ da díẹ̀ sínú ife kékeré, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan bò ó, kí èkejì gbé ìdí rẹ̀ kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ó yẹ kó máa rùn bí ewé tútù, bí tòmátì tó ṣì wà lórí igi. Bí ó bá ń rùn bí ẹ̀pà tó ti pẹ́ nínú àpò, ó ti lọ. Ẹ fà á mu díẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ẹ gbé e mì, kí ẹ dúró. Bí ó bá mú yín wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, polyphenol wà níbẹ̀.

Tẹ̀mítáyọ̀, Òṣogbo

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ìyá mi. Mo ti ka ti Alùfáà sétí bàbá, wọ́n sì ti gbà pé oògùn ò ní dúró. Mo yẹ ìgò náà wò: Tùnísíà ló ti wá, Chétoui ni wọ́n kọ, ìkórè rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan. Ó ku báyìí. Bàbá ní àwọn ò lè máa gbé ohun tó korò bẹ́ẹ̀ mì lásán. Ṣé mo lè fi dín dòdò fún wọn? Níbo ni kí n sì máa gbé e sí, pẹ̀lú ooru ilé ìdáná wa yìí?

Adéwálé, Jaén (Sípéènì)

Ó ṣeé fi dín nǹkan, ooru dòdò kò tó ohun tí yóò jẹ́ kó máa rú èéfín, ṣùgbọ́n iná ń jẹ polyphenol, owó yín á sì ṣòfò. Èyí tí ẹ rà yẹn, ẹ gbé oúnjẹ kúrò lórí iná kí ẹ tó dà á sí i. Ẹ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, jìnnà sí sítóòfù, kí ẹ sì dé e pinpin lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá bù nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti ṣí i, ẹ lò ó tán láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí ènìyàn ra ìgò kékeré, kó má lọ gbé kẹ́ẹ̀gì torí pé ó rọjú.

Ìyá Báyọ̀, London

Ẹ̀wà ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi. Se é kó rọ̀, iyọ̀ díẹ̀, àlùbọ́sà tútù tí a gé wẹ́wẹ́ àti ata, kó o wá da ṣíbí kan ààbọ̀ lé e lórí nínú abọ́ bàbá. Ìkorò náà á pòórá sínú ẹ̀wà. Má sì tún fi epo pupa sí abọ́ kan náà, torí kó rọ́pò ni a fẹ́. Kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò bí dókítà ṣe ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò, kó o máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Ìyá Elépo, Òkìtìpupa

Kó o lọ ata yẹn pọ̀ mọ́ irú díẹ̀, Tẹ̀mítáyọ̀. Bàbá á jẹ ẹ́ tán.